Abéèrè Kì í Ṣìnà, Bí Ẹni Tí Wọ́n Bi Bá Mọ Ilé Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ kó di ọ̀la kí n tó sọ ọ́.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi láti Èkó. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ wá. Ọ̀rẹ́ yìí kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀, ará Ọ̀yọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti jẹ pupuru nílé ọmọ wa ní Èkó, ó sì wù ú kó ra tirẹ̀ lọ. Inú ọkọ̀ ló wà, wọn ò tíì wọ Òkìtìpupa, tó ti bi fóònù rẹ̀ pé níbo ni òun ti lè rí pupuru tó dáa rà nílùú yìí. Fóònù dáhùn. Ó ní ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó ní àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ló ń jẹ ẹ́ jù, ó ní orí iná ni wọ́n ti ń yan án gbẹ. Gbogbo èyí ló tọ̀nà. Ìgbà tó wá kan ibi tí wọ́n ti ń tà á, ó ní kí wọ́n wo ọjà ìlú, ó sì dárúkọ ilé ìtajà ńlá kan ní ìlú mìíràn, níbi tí wọn kò ti ta pupuru rí.

Ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó dé ilé mi, iwájú ilé Ìyá Onípupuru ni wọ́n gbà kọjá. Obìnrin náà ti ń ṣe pupuru láti ìgbà tí àkọ́bí mi ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èéfín ààrò rẹ̀ ń rú lọ́jọ́ náà. Inú èéfín yẹn ni ọkọ̀ àwọn àlejò mi gbà kọjá, wọn kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀.

Ó dùn mí. Àwọn baba wa ní abéèrè kì í ṣìnà. Àlejò mi béèrè, ó sì ṣìnà. Òwe kò purọ́. Ẹni tí àlejò bi ni kò mọ ilé wa, àwa náà kò sì fi ilé hàn án rí.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀ àti ẹ̀yin tí ìyá yín ní ìsọ̀. Ẹ̀yin télọ̀, mẹkáníìkì, onídìrí, káfíńtà, ẹ̀yin elépo àti onígàrí, ní Òkìtìpupa, ní Ìrèlè, ní Igbótako, ní Ìlú-Títun, ní Òde-Ayé àti ní gbogbo abúlé tó yí wa ká. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin lẹ mọ fóònù tẹ̀. Èmi mọ ọjà, mo sì mọ ohun tó ń mú kí wọ́n dárúkọ ènìyàn sí rere níbi tí kò sí. Ẹ jẹ́ ká pa méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì, tó ń wá ẹni tí yóò rán aṣọ fún un, agbèrò tàbí ìyá ẹlẹ́kọ tó wà nítòsí ni yóò bi. Ẹni tí wọ́n bi yóò ronú díẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rò ó pé irú aṣọ wo ni àlejò yìí fẹ́, nítorí ẹni tó mọ agbádá rán lè má mọ bùbá obìnrin rán. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo ọ̀nà, ta ló súnmọ́ jù? Yóò wá bi ara rẹ̀ pé, nínú gbogbo wọn, ta ni mo ti gbọ́ ohun rere nípa rẹ̀, tí ojú kò fi ní tì mí bí àlejò yìí bá padà wá bá mi? Ìgbà náà ni yóò tó na ọwọ́.

Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni Google sọ pé òun ń wò kí òun tó dárúkọ ìsọ̀ kan fún ẹni tó béèrè: bóyá iṣẹ́ ìsọ̀ náà bá ìbéèrè mu, bó ṣe jìnnà sí ẹni tó ń béèrè tó, àti bí orúkọ rẹ̀ ṣe gbajúmọ̀ tó. Ẹ rí i pé ìwà ọjà kò yí padà. Ẹnu tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló yí padà.

Ó sì yí padà kíákíá. Láti 1998 tí Google ti bẹ̀rẹ̀, bí ènìyàn bá béèrè nǹkan, orúkọ bíi mẹ́wàá ni yóò tò sílẹ̀, olúwarẹ̀ á sì yan èyí tó wù ú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT jáde, ẹ̀rọ tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ tó sì ń fèsì bí ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Meta tó ni Facebook àti WhatsApp kéde pé ẹ̀rọ tiwọn, Meta AI, ti dé Nàìjíríà. Òun ni òrùka kékeré aláwọ̀ búlúù tí ẹ ń rí nínú WhatsApp yín. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdáhùn tí irú ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n ń pè ní AI, kọ sí òkè pátápátá fún àwọn ará Amẹ́ríkà, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹwàá, ó ti tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa. Nígbà tí orúkọ mẹ́wàá ń jáde, ẹni tó wà ní ipò kẹjọ ṣì lè rí oníbàárà. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ lè dárúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta péré, kó sì dákẹ́. Ẹni tí kò bá sí nínú mẹ́ta yẹn, àfi bí ẹni pé kò ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà.

Níbo ni ẹ̀rọ yìí ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀? Kò ní imú, kò ní ahọ́n, kò tọ́ pupuru wò rí. Ohun tí ènìyàn bá kọ síbi tí gbogbo ayé lè rí ló ń kà: ohun tí o kọ nípa ìsọ̀ rẹ lórí máàpù Google, ohun tó wà lórí ojúewé rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ìwé ìròyìn kọ, ohun tó wà nínú Wikipedia, àti ohun tí àwọn oníbàárà sọ nípa rẹ. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ máa ń sọ pé, “Bàbá, mo ń polówó ọjà mi lójoojúmọ́, orí status WhatsApp mi kún.” Ọmọ mi, o ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí 24, status ti pòórá. Àwọn tó ní nọ́ńbà rẹ nìkan ló rí i, àwọn yẹn sì ti mọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àjèjì tó ń bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ kò lè rí i, ẹ̀rọ tí yóò bi kò sì lè kà á. Inú yàrá lo ti ń polówó.

Bí ẹ bá bi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀pẹ ní Òkìtìpupa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ Okitipupa Oil Palm ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí ìwé ìròyìn ti ń kọ nípa rẹ̀. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbu epo kéékèèké tó wà létí odò, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń se ẹyìn tí wọ́n sì ń fún epo rẹ̀, ta ló kọ nípa tiwọn? Epo wọn pupa bí orúkọ ìlú wa, síbẹ̀ wọn kò sí lákọọ́lẹ̀ níbì kankan.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Mẹ́rin ni.

Èkíní: jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo níbi gbogbo. Orúkọ ìsọ̀ rẹ, ibi tó wà, nọ́ńbà fóònù rẹ àti àkókò tí o ń ṣí, kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà lára pátákó, lórí rìsíìtì, lórí máàpù, lórí Facebook. Bí pátákó bá ń pè ọ́ ní nǹkan kan, tí rìsíìtì ń pè ọ́ ní òmíràn, ẹ̀rọ yóò rò pé ènìyàn méjì ni yín, kò sì ní lè jẹ́rìí sí ìkankan dáadáa.

Èmi fúnra mi ti jìyà èyí. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé. Ọmọ mi kan bá mi fi í sórí máàpù, inú mi dùn. Nígbà tó yá, fóònù mi sọnù, mo ra nọ́ńbà tuntun, mo sì pààrọ̀ rẹ̀ lára pátákó. N kò rántí ti máàpù. Lóṣù tí ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé, ẹnì kan tó ń bá ilé ẹ̀kọ́ kan ra ìwé pè mí títí lórí nọ́ńbà tó ti kú, ó sì lọ rà á níbòmíràn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà la pàdé níbi ìsìnkú, tó sọ fún mi. Ó ní, “Bàbá, mo rò pé ẹ ti pa ṣọ́ọ̀bù dé.” Páálí ìwé tí n kò tà lọ́dún yẹn ṣì wà nínú yàrá mi. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo yunifásítì wa tó wà níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2008, Ondo State University of Science and Technology lorúkọ rẹ̀, OSUSTECH lẹ́nu tèwe-tàgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ Olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù sọ ọ́, ọmọ Ìjù-Odò tó ṣe gómìnà wa láti 2003 sí 2009, ó wá di OAUSTECH. Orúkọ méjèèjì ṣì wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sì kọ èyíkéyìí nínú wọn á débẹ̀, nítorí àìmọye ènìyàn ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìsọ̀ kékeré kò ní àìmọye ènìyàn tí yóò bá a ṣàlàyé. Bí o bá pààrọ̀ orúkọ, ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ síbi gbogbo lọ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ìsọ̀ wà náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ òpópónà wa kò sì ní orúkọ tí àlejò lè mọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń júwe ilé: “ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò.” Ẹ má ju ọgbọ́n yìí nù. Ẹ dúró síwájú ìsọ̀ gan-an, kí ẹ fi àmì sórí máàpù níbẹ̀, kí ẹ kọ ṣọ́ọ̀ṣì àti igi máńgòrò yẹn sínú àlàyé. Google tún ní kóòdù kékeré kan tó ń pè ní Plus Code, tó wà fún irú ibi tí kò ní àdírẹ́sì. Ẹ kọ ọ́ sí pátákó. Fífi ìsọ̀ sórí Google kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n lè ní kí ẹ ya fídíò ìsọ̀ àti pátákó rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé kí ẹ san owó kí òun lè gbé yín dé ipò kìíní, ẹ pa fóònù. Google fúnra rẹ̀ ní kò sí iye tí ènìyàn lè san láti fi ra ipò níbẹ̀. Ìpolówó olówó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn á kọ ọ́ sí i gbangba pé ìpolówó ni. Ẹ má sì fi mọ sí Google nìkan. Microsoft náà ní tirẹ̀, Bing Places, àwọn ẹ̀rọ AI kan sì ń wo ibẹ̀.

Èkejì: ẹ polówó bí àwọn ìyá wa ṣe ń polówó. Ẹ ti gbọ́ oníkiri rí. Kì í kàn pariwo pé oúnjẹ ni òun gbé. Yóò sọ irú oúnjẹ tó jẹ́, yóò sọ pé ó gbóná, yóò sọ bí ata rẹ̀ ṣe rí, yóò sọ iye rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ilé tí kò rí i ti mọ ohun tí òun fẹ́ rà kó tó yọjú. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀yin ọmọ wa bá kọ nípa ìsọ̀ yín, ẹ ó kọ pé ẹ̀yin lẹ dára jù, pé ẹ ń ṣe iṣẹ́ tó pegedé. Ta ni yóò kọ pé òun kò pegedé? Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè kankan.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àlejò mi yẹn, mo lọ jókòó ti Ìyá Onípupuru fún odidi àárọ̀ kan. Mo wò ó. Ẹ̀gẹ́ tó ti bó ti wà nínú omi fún ọjọ́ márùn-ún, ó ti rọ̀. Ó kó o jáde, ó fa okùn inú rẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó wá ń fi ọwọ́ méjèèjì mọ ọ́ ní róbótó-róbótó bí ẹni mọ bọ́ọ̀lù. Ó tò wọ́n sórí àgbà, ìyẹn pẹpẹ tí wọ́n fi ń yan án gbẹ, tó wà lókè iná. Iná náà kò jó fòfò, èéfín ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní bí iná bá pọ̀, ẹ̀yìn á jó, inú á sì wà ní tútù. Àwọn ti ọjọ́ tó ṣáájú ti dúdú ní gbogbo ara. Ó mú ọ̀kan, ó fi ọ̀bẹ ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, funfun inú rẹ̀ sì yọ. Ó gún un, ó jọ̀ ọ́, ó bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó kúnná lọ́wọ́ mi, òórùn èéfín rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí ni kí ẹ kọ! Ọjọ́ mélòó ló wà nínú omi? Igi wo ni wọ́n fi ń yan án? Èló ni kóńgò kan? Ṣé ẹ̀yin náà máa ń gún un tàbí róbótó rẹ̀ lẹ ń tà? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó bàjẹ́? Ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Àkúrẹ́? Ọjọ́ wo lẹ kì í tà? Ẹ kọ ìbéèrè, kí ẹ kọ ìdáhùn sísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n rí i pé ojúewé tó bá fi iye nǹkan hàn, tó gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó mọ̀ nípa nǹkan náà síta, tó sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ni irú ẹ̀rọ yìí máa ń fà yọ jù. Ẹni tó kàn ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àkọtúnkọ, kò rí èrè gidi níbẹ̀. Ohun tí ìyá oníkiri ti mọ̀ tipẹ́ nìyẹn.

Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ẹ kọ Òkìtìpupa pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ kọ Okitipupa láìsí àmì, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tí Ìkálẹ̀ ń pe nǹkan, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Google Translate ti gbọ́ Yorùbá láti ìparí 2013, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin kò bá kọ èdè ilé wa sílẹ̀, ibo ni ẹ̀rọ yóò ti gbọ́ ọ? Yóò máa pe pupuru ní fùfú ni. Bákan náà, ẹ má fi gbogbo ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú àwòrán tí ẹ yà fún ìpolówó. Àwòrán dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ sílẹ̀ ló dájú jù fún ẹ̀rọ láti kà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ẹ lo àmì schema.org tí Google, Microsoft àti Yahoo jọ gbé kalẹ̀ ní 2011, tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé èyí ni orúkọ, èyí ni fóònù, èyí ni àkókò ìṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta: ẹ ní ẹlẹ́rìí, kó sì jẹ́ ẹlẹ́rìí òtítọ́. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ nípa ara rẹ̀ kò tó. Bí oníbàárà bá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó gba ibẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ohun tí ẹ sọ yìí sórí Google kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i.” Kó kọ ohun tó rà àti bó ṣe rí i. Gbólóhùn kan láti ẹnu ẹni tó ra epo lọ́wọ́ rẹ, tó ní epo náà kò dì, kò sì kan, níye lórí ju ìràwọ̀ márùn-ún tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Ẹ má ra ẹ̀rí. Ẹ má kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ pé kí wọ́n kọ ohun tí wọn kò rí. Google kà á léèwọ̀, ó sì lè pa gbogbo ẹ̀rí náà rẹ́, kó yọ ìsọ̀ kúrò lórí máàpù pátápátá. Bí Google kò tilẹ̀ rí i, oníbàárà á rí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí ẹnì kan bá sì kọ ohun tí kò dáa nípa yín, ẹ má bú u. Bí ẹjọ́ bá jẹ́ tiyín, ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ti tún ṣe. Àwọn tí yóò kà á lẹ́yìn ọ̀la ló ń wo bí ẹ ṣe dáhùn.

Àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn tún wà. Ẹ fi orúkọ ìsọ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀. Bí ẹ bá ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá tí ẹ ń tà á káàkiri, ẹ lọ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kí ẹ má sì kọ nọ́ńbà tí kì í ṣe tiyín. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá ní ojúewé, kí wọ́n dárúkọ yín níbẹ̀. Máàpù mìíràn tún wà, OpenStreetMap, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi ọ̀nà abúlé rẹ̀ sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ OAUSTECH, ẹ̀yin mélòó lẹ ti fi ọ̀nà oko ìyá yín sí i?

Ẹ̀kẹrin: ẹ máa bi ẹ̀rọ náà léèrè nípa ara yín. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣe bí àlejò. Ẹ má dárúkọ ìsọ̀ yín. Ẹ béèrè pé níbo ni mo ti lè rí ẹni tún firíìjì ṣe ní Ìrèlè, tàbí ta ló ń ta epo pupa tí kò ní àbùlà nítòsí Òkìtìpupa. Ẹ wo ẹni tó dárúkọ, ẹ wo ìdí tó fi dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá béèrè nípa ara yín ní tààrà. Ẹ̀rọ yìí máa ń ṣìṣe, ó sì máa ń fi ìdánilójú ṣe é. Ó lè sọ pé ẹ ti pa ìsọ̀ dé, ó lè fún àlejò ní nọ́ńbà ẹlòmíràn. Ẹ wá ibi tó ti gbọ́ ọ, kí ẹ tún un ṣe níbẹ̀. Nígbà ọdún àti nígbà ayẹyẹ ìlú, tí ẹ kò ní ṣí, ẹ kọ ọ́. Àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn tó bá ilẹ̀kùn ní títì kì í sábà padà wá mọ́.

Bí ẹ ti ń fi ìsọ̀ hàn, ẹ má fi ara yín hàn tán. Nọ́ńbà iṣẹ́ ni kí ẹ fi síta, kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹ fi ń gba owó ní báǹkì. Ìsọ̀ ni kí ẹ júwe, kì í ṣe yàrá tí ìyá yín ń sùn.

Mo ní mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rọ lè mú oníbàárà wá lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni yóò mú un padà wá. Bí kóńgò yín kò bá kún, bí epo yín bá ní àbùlà, gbogbo ìmọ̀ràn yìí yóò kàn mú kí ìtìjú yín tètè délé ni. Ẹ jẹ́ kí ọjà dára ná, kí ẹ tó wá jẹ́ kí ayé mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Lọ́sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù yín mú ìyá kan tàbí bàbá kan tí kò mọ fóònù lò. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í bí mo ti ṣe, kí ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ bi í léèrè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì kà á sí i létí kí ẹ tó gbé e jáde.

Ọmọ àbúrò mi ló bá Ìyá Onípupuru ṣe tirẹ̀. Ó ya fọ́tò ààrò, ó fi àmì sórí máàpù, ó kọ ọjọ́ ọjà àti iye kóńgò kan. Nígbà tó parí, ó bi í pé, “Ìyá, kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ fún wọn?” Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó wo àgbà tó wà lókè iná, ó ronú. Ó ní, “Sọ fún wọn pé kò ní iyanrìn. Bí wọ́n bá sì rí i níbẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún mi.”

Ọmọ náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.